Nọ́ńbà Mẹ́ta Tí Mo Fi Pẹ́ńtì Bò

Ilé Jùbrílù,
Ẹ̀yìn Mọ́sálásí,
Èsìẹ́.

Jàrátù ọmọ mi,

Àlàáfíà Ọlọ́run kó wà pẹ̀lú rẹ ní Kàdúná, ìwọ, ọkọ rẹ àti àwọn ọmọ. Mo gbà á ládùúà pé ara yín le. Ara tèmi kò burú, bí a bá yọ ti orókún kúrò. Tíṣà Ọlábọ̀wálé tó ti fẹ̀yìn tì ló ń bá mi kọ ìwé yìí. Ohun tí mo bá sọ ni mo ní kó kọ, mi ò fẹ́ ẹ̀ṣọ́.

Mo pè ọ́ lórí fóònù títí, o kò gbé e. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tèmi, ti Nímọ́tà ìyá rẹ ni.

Kọ̀ǹpútà àtijọ́ tí ilé ìwé fi ta á lọ́rẹ nígbà tó ń ṣe akọ̀wé wọn, èyí tí ojú rẹ̀ dúdú tí lẹ́tà rẹ̀ funfun, kò jí mọ́. Ọdún méjì tí àìsàn fi dè é mọ́lé, ìdí ẹ̀rọ yẹn ló ń jókòó sí tó ń tẹ̀ ẹ́. Mo bi í pé kí ló ń kọ. Ó ní, "Bàbá Jàrátù, ẹ fi mí sílẹ̀. Tí mi ò bá sí mọ́, ẹ ní kí Jàrátù kà á fún yín. Òun nìkan ni kó kà á." Mo fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ní èmi tí mo fi ọdún mẹ́tàlá jù ú lọ, èmi ni n ó kọ́kọ́ lọ.

Lẹ́yìn àdúà ogójì ọjọ́, mo ti yàrá rẹ̀ pa. Oṣù tó kọjá ni mo tó ṣí i. Tíṣà tan ẹ̀rọ náà, ó ké lẹ́ẹ̀mẹta, ojú rẹ̀ kò sì mọ́lẹ̀. A tún un tàn, ó tún ké lẹ́ẹ̀mẹta. Tíṣà ní iyè rẹ̀ ló rà, pé irú ẹ̀rọ yìí a máa ka iyè rẹ̀ kó tó jí. Bí kò bá pé, á ké. Mo ní, "Ìwọ náà, iyè rẹ ti rà tipẹ́, o ò sì ké rí." Ó tú u, ó yọ àwọn pátákó kéékèèké tí iyè náà wà lára wọn, ó fi ìparẹ́ ìdí pẹ́ńsù nu ẹnu wọn, ó tẹ̀ wọ́n padà títí wọ́n fi wọlé dáadáa. Ẹ̀rọ ké ẹ̀ẹ̀kan péré, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka iyè rẹ̀. Mo sunkún. Tíṣà, kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Ayọ̀ náà kò dé ibì kan. Ẹ̀rọ ní òun kò rí díìsìkì òun, ibi tí gbogbo ohun tí ìyá rẹ kọ wà. Bátìrì rẹ̀ tó dà bí bọ́tìnnì ti kú nínú yàrá tí mo tì, ohun tó fi mọ ara rẹ̀ sì ti bá a lọ. A ra òmíràn l'Ómù-Àrán, àmọ́ ẹ̀rọ ń béèrè nọ́ńbà mẹ́ta tí a ó fi júwe díìsìkì náà fún un.

Ìwọ mọ̀ wọ́n. Ìyá rẹ fi bírò kọ wọ́n sára ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì. Nígbà tí o wà ní sẹ́kọ́ńdìrì, bí bátìrì bá ti kú, ìwọ lò ń dúró nídìí ògiri tí ò ń pè wọ́n bí orin, òun á máa tẹ̀ ẹ́. Èmi á pariwo pé kí ẹ jẹ́ kí ẹni tó ti oko dé sinmi.

Èmi ni mo pa wọ́n rẹ́. Kí àwọn ààfáà àti àlejò tó dé fún ogójì ọjọ́, mo ní kí wọ́n kun yàrá rẹ̀, bí a ti ń ṣe. Mo rí ìkọ̀wé náà. Èmi tí mi ò mọ̀wé, mo rò pé ìdọ̀tí ni. Mo ní kí wọ́n kùn ún lẹ́ẹ̀mejì.

Mo gbé ẹ̀rọ náà lọ fún atúnkọ̀ǹpútàṣe kan. Ó ní òun á pa gbogbo inú rẹ̀ rẹ́, á dà bí tuntun. Mo gbá ẹ̀rọ náà mọ́ àyà, mo gun ọ̀kadà padà wálé. Mò ń jókòó tì í láti ọjọ́ náà bí ọ̀kan nínú àwọn ère òkúta mùsíọ́mù wa. Díìsìkì náà ń kérora bí ẹni tí ikọ́ ń bá jà. Tíṣà ní kò ní pẹ́ kú. Bó bá kú, ìyá rẹ tún kú lẹ́ẹ̀kejì nìyẹn, mi ò sì ní gbọ́ ohun tó fẹ́ bá mi sọ láé.

Mo mọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ. Lẹ́yìn ìrun àsùbá ló kú. Kí a tó kírun ọ̀sán, a ti sin ín. O dé nírọ̀lẹ́, o bá erùpẹ̀ tútù. O ní, "Bàbá, ẹ ò tiẹ̀ lè dúró dè mí?" Mo dá ọ lóhùn lójú gbogbo èèyàn pé, "Òkú kì í dúró de ẹni tó ń bọ̀ lọ́nà." Bí ẹ̀sìn ti ní ká ṣe é ni mo ṣe é, mi ò ní purọ́ pé mo kábàámọ̀ rẹ̀. Ẹnu tí mo fi sọ ọ́ ni kò dára. Mi ò sì dì ọ́ mọ́ra. Mo jẹ̀bi èyí.

Tíṣà ní kí n fi "jọ̀wọ́" sí i. Mo ní kó má fi í sí i. Ó dáa, kó fi í sí i. Jọ̀wọ́, Jàrátù. Bí o kò bá fẹ́ rí ojú mi, fi nọ́ńbà náà ránṣẹ́. Ṣùgbọ́n ìwọ nìkan ni ìyá rẹ ní kó kà á. Mi ò dúró dè ọ́ lọ́jọ́ náà. Mò ń dúró dè ọ́ báyìí.

Ọlọ́run kó fi àwọn ọmọ rẹ tù ọ́ nínú. Kó má jẹ́ kí o tún dé lẹ́yìn tí ilẹ̀kùn ti tì. Àmín.

Èmi ni bàbá tó bí ọ,
Jùbrílù.

Àfikún: Láti àná ni mo ti ń fi ṣíbí ha pẹ́ńtì náà. Nọ́ńbà kan ti yọjú. Tíṣà ní mẹ́tàdínlógún ni. Ó ku méjì, ọ̀dọ̀ rẹ ni wọ́n wà.