Bẹ́ẹ̀dì Tí Bàbá Kò Fẹ́ Sùn Lé Mọ́

Ìlú Ọ̀jọ́, oṣù kìíní ọdún 1956

Ẹ̀gbọ́n mi Ọmọ́yẹlé,

Mo kí yín, mo kí ìyàwó yín àtàwọn ọmọ ní Kánò. Ikọ́ Ìyá ti lọ. Télọ̀ ti rán aṣọ funfun mi tán. Ọjọ́ Mọ́ńdè ni mo ń wọ ilé ìwé nọ́ọ̀sì!

Nọ́ọ̀sì kan ní Ìbà kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì aláìsàn, mo sì fi ti Bàbá dánra wò. Bàbá ń pe gbogbo aládùúgbò wá wò ó, ṣùgbọ́n orí ẹní ni Bàbá fúnra wọn ń sùn báyìí, kí bẹ́ẹ̀dì náà má baà rún. Wọ́n ní ó dìgbà tí mo bá gboyè kí àwọn tó sùn lé e, ọdún mẹ́ta gbáko!

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ̀wé bẹ̀ wọ́n. Tiyín ni wọ́n máa ń gbọ́. Ọlọ́run á ṣọ́ yín fún wa.

Ẹ̀yìn ti ń dùn wọ́n. N kò tíì wọ ilé ìwé, mo ti sọ bàbá mi di aláìsàn.

Àbúrò yín,
Abọ́sẹ̀dé