Ìṣẹ́jú Mẹ́rin Tó Lé

Ìsọ̀ Atúnrédíòṣe,
Ẹ̀yìn Ilé Ìfìwéránṣẹ́.
Ọjọ́ kẹwàá, oṣù kẹfà.

Ojúlówó, ọ̀rẹ́ mi àtijọ́,

Ìyàwó rẹ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ẹsẹ̀ tó ń dun ìyá rẹ, ṣé ó ti fúyẹ́? Mò ń béèrè wọn tọkàntọkàn nítorí wọn ò ṣẹ̀ mí. Ní tìrẹ, mi ò béèrè àlàáfíà rẹ. Mo mọ̀ pé o wà láàyè, o ń jẹ, o ń sùn, ìyẹn gan-an ló ń bí mi nínú.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni mo bá wá, ẹni tó fún èmi àti ìwọ ní pálọ̀ rẹ̀ sùn fún ọdún méjì gbáko nígbà tí a wà nílé ẹ̀kọ́ṣẹ́, tí ìwọ alára ń pè ní Àǹtí mi ju bí èmi tí a jọ jẹ́ ọmọ ìyá ṣe ń pè é lọ. Wọ́n ti gba iṣẹ́ ìdí ààrò lọ́wọ́ rẹ̀ níléeṣẹ́ burẹ́dì tó ti ń ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn ọdún mọ́kàndínlógún nídìí iṣẹ́ náà, páànù ló ń fọ̀ lẹ́yìnkùlé báyìí, lábẹ́ àwọn tó kọ́ níṣẹ́. Wọ́n ní ó ń jẹ́ kí burẹ́dì jóná, pé bí agogo bá dún tán ó máa ń tòògbé kó tó ṣílẹ̀kùn.

Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ ni wọ́n fi dá a lẹ́bi. Nígbà tí ọ̀gá wọn pe ìpàdé lóṣù tó kọjá, Àǹtí ní òun kì í pẹ́ ṣílẹ̀kùn, agogo gan-an ló ń pẹ́ dún, bí agogo ò bá sì dún, ilẹ̀kùn ò ní í ṣí. Gbogbo wọn yíjú sí ìwọ tí o ṣe bọ́ọ̀dù ẹ̀rọ tuntun tó ń darí ààrò náà. O dìde, o tún kọ́là ẹ̀wù rẹ ṣe, o ní: "Ẹ̀rọ kì í purọ́. Èèyàn ló ń purọ́." O ní kí wọ́n wo ẹ̀ka wọn kejì, irú bọ́ọ̀dù kan náà lo ṣe síbẹ̀, burẹ́dì tiwọn kì í jóná. Àǹtí ní ṣe ni gbogbo èèyàn ń mi orí. Nígbà tó délé, ó bọ́ bàtà kan, ó gbàgbé ìkejì sẹ́sẹ̀ títí a fi jẹun tán.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni mo lọ bẹ ọ̀gá wọn pé kó jẹ́ kí n fi aago ọwọ́ mi wo ààrò náà. Ó kọ́kọ́ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ó ní atúnrédíòṣe fẹ́ kọ́ ẹnjinníà níṣẹ́, ṣùgbọ́n ó gbà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo wò ó. Lẹ́ẹ̀mẹtẹ̀ẹ̀ta, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tí wọ́n kọ sára rẹ̀ di ìṣẹ́jú mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n àti ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ìwọ náà mọ̀ pé ẹ̀rọ tó ń ṣàìsàn kì í ṣe báyẹn. Lónìí á yá, lọ́la á fà. Èyí tó bá ń ṣì í bákan náà lójoojúmọ́, ọwọ́ èèyàn ló wà níbẹ̀.

Jẹ́ kí n wá ka iṣẹ́ rẹ fún ọ bí ẹni ń ka A-B-D fún ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi. Ọpọlọ ẹ̀rọ, ṣíìpù ńlá tó wà láàárín bọ́ọ̀dù yẹn, iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀: ó ń wo bí iná ṣe gbóná tó, ó ń ṣọ́ ilẹ̀kùn, kò ráyè jókòó ti kíka àáyá. Ìdí nìyẹn tí a fi ń fi ṣíìpù aago tì í, ike dúdú ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rìnlélógún tó ní akàǹkà mẹ́ta nínú. Ọpọlọ á kọ́kọ́ sọ fún un èwo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni kó kà àti bó ṣe máa kà á, lẹ́yìn náà ló máa fún un ní iye. Láàáyá kọ̀ọ̀kan, akàǹkà á yọ ẹyọ kan kúrò nínú iye náà títí á fi kan òdo. Bó bá ti kan òdo, á ta ọpọlọ lólobó, ọpọlọ á paná, á lu agogo, á yọ kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn kí èèyàn lè ṣí i. Kò mọ ẹ̀bẹ̀, kò mọ ojúsàájú. Ohun tí o bá gbé fún un ló máa kà.

Ṣùgbọ́n iye náà tóbi ju ẹnu ọ̀nà ṣíìpù náà lọ, ẹ̀ẹ̀mejì la máa ń gbé e wọlé: apá kékeré á ṣáájú, apá ńlá á tẹ̀lé e. Ẹyọ kan nínú apá ńlá tó igba ó lé mẹ́rìndínlọ́gọ́ta. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú jẹ́ ẹgbẹ̀sán àáyá, ìyẹn ni méje ńlá àti mẹ́jọ kékeré. Mẹ́jọ ló yẹ kí o kọ́kọ́ gbé wọlé. Ìwọ gbé méje ṣáájú. Ṣíìpù bá gbà á sí mẹ́jọ ńlá àti méje kékeré: ẹgbàá ó lé márùndínlọ́gọ́ta. Orí àpò ìyẹ̀fun ni mo ti ṣe ìṣirò náà, mo sì tún un ṣe. Ìṣẹ́jú mẹ́rin àti àáyá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló fi lé, gẹ́lẹ́ bí aago mi ṣe wí.

Ká ní ibẹ̀ ló parí sí ni, mi ò bá má kọ lẹ́tà yìí. Ta ni kì í ṣàṣìṣe? Èmi náà ti jó rédíò olórédíò rí. Ṣùgbọ́n mo lọ sí ẹ̀ka kejì, mo ṣí ìdérí àpótí bọ́ọ̀dù tibẹ̀. Nínú ìwé tí o lẹ̀ mọ́ inú rẹ̀, bí o ṣe máa ń ṣe, mẹ́jọ ló ṣáájú, méje tẹ̀lé e. O tún fi bírò pupa kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé, "Kékeré ló ń ṣáájú o!" Ọjọ́ tí o kọ ọ́ wà nísàlẹ̀: oṣù kẹrin. Oṣù karùn-ún ni ìpàdé.

O ti mọ̀. O mọ̀ kí o tó dìde, kí o tó tún kọ́là ẹ̀wù ṣe. O tún tọ̀hún ṣe, o fi tibí sílẹ̀, nítorí bí o bá wá tún un ṣe, wọ́n á bi ọ́ pé kí ló bàjẹ́. O wá fi èyí tí o tún ṣe jẹ́rìí mọ́ obìnrin tó gbà ọ́ sílé. Ìwọ tí a sọ ní Ojúlówó torí pé o kì í fọwọ́ kan páàtì ayédèrú! Ojú ò tì ọ́? Ìkà ni ọ́, mi ò rí orúkọ mìíràn fún un.

Mo kó gbogbo rẹ̀ síwájú ọ̀gá wọn. Ó ní kí Àǹtí kúkú padà sídìí ààrò, kí ọ̀rọ̀ náà tán síbẹ̀. Àǹtí nu ọwọ́ rẹ̀, ó ní: "Ojú gbogbo èèyàn lẹ ti bà mí jẹ́. Ojú gbogbo èèyàn náà ni kẹ́ ẹ ti tún mi ṣe." Ló bá padà sídìí páànù rẹ̀.

Nítorí náà ni mi ò ṣe fọwọ́ kan bọ́ọ̀dù yẹn. Ọ̀gá wọn ti gbà fún Àǹtí, wọ́n sì ti paná ààrò náà títí di Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́wàá àárọ̀, tí gbogbo òṣìṣẹ́ á pé. Wá. Fi ọwọ́ ara rẹ gbé mẹ́jọ ṣáájú méje, kí o sì fi ẹnu ara rẹ sọ ohun tí o ṣe. Bí aago mẹ́wàá bá lù tí mi ò rí ọ, ìwé oní-bírò pupa ni wọ́n máa kà sókè. Má ránṣẹ́ ẹ̀bẹ̀ sí mi. Mo ti gbé iye tìrẹ wọlé, kíkà ló kù.

Bá mi kí ìyàwó rẹ àti ìyá rẹ. Àǹtí rí mi tí mò ń kọ̀wé, ó ní kí n bá òun kí ìwọ náà. Mo ní mi ò ní í kọ irú rẹ̀. Ó ní kí n ṣáà kọ ọ́, pé ọ̀nà rẹ jìn, kí o tètè dé ní Ọjọ́rú kí o wá sùn, ẹní rẹ ṣì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn pálọ̀.

Èmi tí mo jẹ́ tìrẹ rí,
Àbúrò Àǹtí rẹ.