Ìdánwò Ń Lọ Nínú Ilé Ìwẹ̀

Delbert,

Mo ti ara mi mọ́ ilé ìwẹ̀. Ìdánwò ìṣirò ni mò ń ṣe lórí kọ̀ǹpútà, òun nìkan ló kù kí n gba ìwé ẹ̀rí tó dọ́gba pẹ̀lú ti girama.

Iyàrá wa ni mo kọ́kọ́ jókòó sí láàárọ̀. Ọkùnrin tó ń ṣọ́ mi látinú kọ̀ǹpútà ní, "Màdáámù, ilẹ̀kùn yín ńkọ́?" Mo fi kúbùsù bo ẹnu ọ̀nà. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, kúbùsù kì í ṣe ilẹ̀kùn." Kí ni kí n wí? Pé ìwọ, ọkọ mi, lo fi ìpá wó o lulẹ̀ lálẹ́ àná?

Tó bá gbọ́ ohùn ẹlòmíì, wọ́n á fagi lé ìdánwò mi. Ilé ìtọ́jú arúgbó tó wà lẹ́yìn òkè kò ní gbà mí síṣẹ́, ojú rẹ ni n ó sì máa wò níbí títí dọjọ́ alẹ́.

Kọfí wà lórí sítóòfù. Bá mi bẹ Màmá rẹ, mo ti gbé póò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn wọn. Ìwọ, lọ tọ̀ sẹ́yìn ahéré tá a ń kó táyà sí.

Bó bá jẹ́ ẹ̀bẹ̀ lo fẹ́ wá bẹ̀ mí, gbé e mì. Ohùn ẹlẹ́bẹ̀ náà, ohùn ni.

Wanetta