Ìlà Kẹta Níwájú Gbọ̀ngàn

Ọdúnayọ̀, Àkànjí ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà ní Okokomaiko, ṣé iṣẹ́ rédíò títúnṣe ń lọ déédéé ní Àlàbá? Iná mànàmáná tí ò ń fọwọ́ kàn lójoojúmọ́ kò ní gbé ọ, Ọlọ́run yóò máa ṣọ́ ọ. Ara mi le. Bàbá rẹ náà wà, àmọ́ ọ̀rọ̀ ìbò ẹgbẹ́ ọmọ ìlú ti dà á láàmú.

O mọ̀ pé òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ fa ipò ààrẹ ẹgbẹ́ ọmọ ìlú lé Ìdírísù lọ́wọ́. Nígbà tó yá, ó ní Ìdírísù kì í bi òun ní nǹkan kan mọ́, òun fẹ́ padà sípò. Àwọn ẹgbẹ́ Ìṣọ̀kan tí òun gan-an dá sílẹ̀ sọ pé àwọn ò lè já Ìdírísù sílẹ̀. Àwọn Ìtẹ̀síwájú, alátakò wọn, sì ti mú Ògúndìran, ẹni tó fẹ́ ta pápá ìlú. Ni bàbá rẹ bá dá ẹgbẹ́ kẹta sílẹ̀, ó ní ìlú ò lè gbàgbé ẹni tó gbẹ́ kànga fún wọn.

Lọ́jọ́ ìbò, wọ́n ní kí kálukú tò sẹ́yìn ẹni tó bá fẹ́ níwájú gbọ̀ngàn. Bàbá rẹ wọ agbádá, ó ń wo títì. Bọ́ọ̀sì àwọn ọmọ ìlú wa dé láti Ìyànà Ìbà, àwọn tó jẹ́ pé òun ló fún wọn lówó ọkọ̀ nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ ń lọ sí Èkó. Gbogbo wọn dọ̀bálẹ̀ fún un, wọ́n gbé búrẹ́dì fún un, wọ́n sì lọ tò sẹ́yìn Ìdírísù. Àlíù, ọ̀kan nínú wọn, rọra wá sọ fún un pé Bàbá, a fẹ́ràn yín, àmọ́ bí a bá tẹ̀lé yín, Ògúndìran ló máa wọlé. Èmi àti àwọn àgbà díẹ̀ la ṣẹ́kù sẹ́yìn rẹ̀ nínú oòrùn.

Ògúndìran náà ló sì wọlé. Ká ní ìlà wa kúkúrú yẹn kún ti Ìdírísù ni, ì bá ju ti Ògúndìran lọ.

Lọ́jọ́ kejì, rédíò tí o fi ránṣẹ́ sí wa sọ pé ààrẹ àná kan ṣe bẹ́ẹ̀ rí ní Amẹ́ríkà, òun àti ẹni tó fipò sílẹ̀ fún jọ pàdánù ni. Kíá ni mo mọ̀ pé bàbá rẹ ni ọkùnrin inú rédíò ń bá wí, ó kàn fi Amẹ́ríkà bò ó ni. Mo yáa pa á, mo sì da aṣọ bò ó kó má bàa máa rí inú ilé wa mọ́. Jọ̀wọ́, ìwọ tó o mọ inú rédíò, bá mi bẹ̀ ẹ́ kó má sọ ọ́ fún ìlú mìíràn.

Láàárọ̀ Ọjọ́rú, bàbá rẹ jáde láìdé fìlà, mo tẹ̀lé e. Ilé Ìdírísù ló lọ, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún ẹni tó tó bí lọ́mọ. Ìdírísù figbe ta pé Bàbá, ẹ má ṣe èyí sí mi, lòun náà bá dọ̀bálẹ̀. Kò sẹ́ni tó fẹ́ kọ́kọ́ dìde nínú wọn. Èmi àti ìyàwó Ìdírísù la fà wọ́n dìde nílẹ̀.

Bí ọwọ́ rẹ bá gbà á, fi nǹkan díẹ̀ ránṣẹ́, ìbò yìí ti gbọ́n gbogbo owó wa dànù. Àmọ́ kí ìwọ fúnra rẹ wá ló dáa jù. Bàbá rẹ bi mí lánàá bóyá ìwọ náà ì bá tò sẹ́yìn òun, mo sì ní ìwọ lo máa dá a lóhùn nígbà tí o bá dé.

Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí o dá wà níbi tí o ti ń retí èrò.

Èmi ìyá rẹ,
Àyọ̀kẹ́