Ẹ̀rí Tí Mo Jẹ́ Lórí Etí Nàfísátù

Abúlé Òkè-Aṣà, lẹ́bàá Kétu,
Ọjọ́ Àlàmísì.

Nàfísátù ọmọ mi,

O kú ìwé kíkà, o kú ìgboro, o kú oòrùn Lomé. Kí lẹ́tà yìí bá ọ lórí ìjókòó ayọ̀. Ṣé àǹtí rẹ Àbẹ̀kẹ́ tí ò ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ ní Agoè wà dáadáa, ṣé ọjà sì ń tà? Àwa náà ń bẹ láàyè, a dúpẹ́. Ìyá rẹ ní kí n sọ fún ọ pé ewúrẹ́ rẹ ti bí mẹ́ta, pé atẹ́gùn fẹ́ gbé páànù ilé ìdáná lọ, ṣùgbọ́n a ti fi òkúta dì í mú.

Mo mọ̀ pé wàá fẹ́ mọ ìdí tí mo fi ń kọ lẹ́tà nígbà tí fóònù wà. Fóònù yẹn ti sú mi. Nígbà tí mo pè ọ́ ní Jímọ̀ tó kọjá, mo pariwo títí àwọn adìyẹ fi sá wọgbó, ìwọ sì ń sọ pé o ò gbọ́. Gbogbo abúlé ló ti gbọ́ pé jẹ̀díjẹ̀dí ń yọ mí lẹ́nu, ìwọ tí mo ń sọ ọ́ fún nìkan ni kò gbọ́.

Ọ̀rọ̀ ìwé tí yunifásítì ní kí n kọ nǹkan sí ni mo fẹ́ bá ọ sọ. Nígbà tí Adéwálé onítakisí tó ń ná Lomé gbé e dé, ó ní Màdáàmù Nathalie tó wà ní ọ́fíìsì yín ló ní kí bàbá ọmọ kọ ọ́ kó sì fọwọ́ sí i. Ó túmọ̀ ìbéèrè inú rẹ̀ fún mi: kí ló ń ṣe ọmọ yìí, ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀, ta ló lè jẹ́rìí sí i? Ìwọ náà mọ̀ pé bí ẹbí kan bá fẹ́ fẹ́ ìyàwó ní gbogbo agbègbè wa, èmi ni wọ́n máa ń rán lọ ṣe ìwádìí ilé ìyàwó. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń ṣe é, irú ìbéèrè yẹn gan-an ni mo sì máa ń béèrè. Mo bá rẹ́rìn-ín, mo ní Màdáàmù yìí ní ọmọkùnrin tí kò tíì gbéyàwó. Ta ló wá máa ń ka àbùkù ọmọ rẹ̀ fún olùwádìí?

Mo kọ ọ́ lẹ́sẹ̀ kan náà pé Nàfísátù ọmọ Kàsúmù kò ní àbùkù kankan láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, pé bí èèrà bá ń rìn lórí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó ń gbọ́ ọ, pé kò jalè rí, pé ó mọ ẹ̀wà sè. Mo gbé e lọ bá baálẹ̀, wọ́n gba àkùkọ kan lọ́wọ́ mi, wọ́n lu òǹtẹ̀ sí i. Ní ti àwọn àpótí kéékèèké tó wà nísàlẹ̀ fọ́ọ̀mù náà, mo rí i pé wọ́n ṣófo, kò sì yẹ kéèyàn dá ìwé àlejò padà ní òfìfo, mo bá fi àmì sí gbogbo wọn, mi ò yọ ìkankan sílẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí àyà mi fi já ní ọjọ́ Àtàláátà tí ọ̀rọ̀ rẹ dé sórí fóònù. Tíṣà Ọláwùmí tó ń kọ́ àwa àgbà ní ìwé ló kà á fún mi. O ní ìwé dókítà tó wà lọ́wọ́ Màdáàmù sọ pé etí ọ̀tún rẹ ti kú, tòsì sì ń gbọ́ ìdajì. Ìwé bàbá rẹ sọ pé ò ń gbọ́ ẹsẹ̀ èèrà. Fọ́ọ̀mù tí bàbá kan náà fi àmì sí sì sọ pé o dití, o fọ́jú, o yadi, o sì yarọ ní ẹsẹ̀ méjèèjì. O ní Màdáàmù rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ tó máa jókòó lọ́jọ́ Ajé tó ń bọ̀ kì í rẹ́rìn-ín. Bí wọn ò bá rí ẹ̀rí tuntun, wàá tún ṣe ìdánwò bíi ti ọdún tó kọjá, nígbà tí olùkọ́ ka ìbéèrè sókè tó o sì kọ ìdajì rẹ̀. Bó o bá sì tún kùnà, ó di ilé.

Ọláwùmí ṣàlàyé fún mi pé kò sẹ́ni tó ń wá ìyàwó. Wọ́n fẹ́ fún ọ ní ìjókòó iwájú, wọ́n fẹ́ máa tẹ ohun tí olùkọ́ bá fẹ́ kà sókè sórí ìwé fún ọ, wọ́n á sì fi ìdá kan nínú mẹ́ta kún àkókò ìdánwò rẹ. Èyí tó kẹ́yìn yìí dààmú mi. Mo bi í pé wákàtí tí wọ́n fẹ́ fún ọ yìí, lára tọmọ ta ni wọ́n ti fẹ́ gé e? Nítorí bí a bá pín ogún tí ẹnì kan gbà jù, ẹlòmíràn á gba kéré, mi ò sì fẹ́ kí ìyá ọmọ kan jókòó sí Aflao-Gakli ní Lomé yín kó máa ṣépè fún ọ. Ó ní wọn ò gé tẹnì kankan. Mo ní tó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí wọn ò fún gbogbo ọmọ? Ó ní nítorí pé gbogbo ọmọ kọ́ ló ń fi àkókò rẹ̀ wá ohun tí olùkọ́ sọ.

Mo tún sọ fún un pé àwọn àgbà ní a kì í ka ìka ẹsẹ̀ oníka mẹ́sàn-án lójú rẹ̀, ohun tí mo sì fi tọ́ ọ nìyẹn. Ó ní òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ rán bàtà fún un ńkọ́, ṣé òun náà ò ní kà á? Mo bá lọ mú bírò mi.

Mo ti kọ ẹ̀rí tuntun. Mo fẹ́ kó o mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ kó o tó gbé e fún wọn, torí mi ò sọ ọ́ fún ọ rí. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni ọ́ nígbà tí ibà yẹn mú ọ, lásìkò ìkórè àgbàdo. Nọ́ọ̀sì ní ká gbé ọ lọ sí ọsibítù ńlá lọ́jọ́ náà gan-an. Èmi ni mo ní ká dúró di ọjọ́ ọjà kí n lè ta àgbàdo. Ọjọ́ mẹ́rin la fi dúró. Nígbà tí ibà lọ, etí rẹ bá a lọ. Mi ò tètè mọ̀, mo ń nà ọ́ pé olóríkunkun ni ọ́, títí ọjọ́ tí ìyá rẹ lu ìkòkò lẹ́yìn rẹ tó ò yíjú. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti pàṣẹ pé ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ sọ ọ́ nínú ilé yìí. Mo ní torí tìrẹ ni, ṣùgbọ́n ìtìjú tèmi ni mo ń bò. Dárí jì mí, ọmọ mi.

Gbogbo rẹ̀ ló wà nínú ìwé náà, Ọláwùmí sì ti tú u sí Faransé. Fọ́ọ̀mù tuntun tó o fi ránṣẹ́, ó bá mi tẹ̀ ẹ́ jáde ní Kétu. Àpótí kan ṣoṣo ni mo fi àmì sí lọ́tẹ̀ yìí, àwọn tó kù ń wò mí, mo gbójú kúrò. Baálẹ̀ kọ́kọ́ ní àwọn kì í jẹ́rìí lẹ́ẹ̀mejì lórí etí kan náà, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n gba àkùkọ kejì, wọ́n rántí pé o kì í dáhùn bí àwọn bá pè ọ́ láti apá ọ̀tún. Adéwálé á gbé e bọ̀ lọ́la.

Bí nǹkan bá ṣẹ́kù nínú owó irun tó ò ń dì fún wọn ní Bè, jọ̀ọ́, fi owó àkùkọ kan ránṣẹ́. Gbogbo àgbébọ̀ ìyá rẹ ti di opó, ìyá rẹ ò sì bá mi sọ̀rọ̀. Má fi í sínú fóònù mọ́ o. Èyí tó o fi síbẹ̀ lọ́jọ́sí, mo gbọn fóònù náà títí, kò jáde. Fi rán Adéwálé.

Bó o bá dé iyàrá ìdánwò, jókòó síwájú, kó o kọ etí òsì sí olùkọ́. Bí o ò bá gbọ́, nawọ́ sókè kó o sọ pé o ò gbọ́. Èmi ni mo kọ́ ọ pé kó o máa mi orí bí ẹni tó gbọ́, èmi náà ni mo ní kó o jáwọ́ níbẹ̀.

Ọlọ́run á ṣe ọ̀nà rẹ ní rere. Láràárọ̀ ni mo máa ń ṣàdúrà pé kí etí àwọn ọmọ mi máa gbọ́ ire, bí mo bá sì ti dé orí orúkọ tìrẹ, màá fò ó, kó má baà dà bí ẹni pé mò ń fi ọ́ ṣẹ̀sín. Mi ò ní fò ó mọ́. Etí rẹ á gbọ́ ire, Nàfísátù. Ọ̀kan tó kù yẹn tó gbọ́ ọ.

Èmi ni bàbá rẹ, Kàsúmù, tó jẹ́rìí lẹ́ẹ̀mejì. Èyí tó kẹ́yìn ni kí wọ́n gbà gbọ́.