Mo Bá Agbẹnusọ Dáhùn

Ọjọ́ Ajé, 6 oṣù Karùn-ún, 2024
Mo mú Agbẹnusọ láti Afo lọ sí ọsíbítù l'Ọ́wọ̀. Olúgbádé, ọkọ mi — inú ìwé yìí nìkan ni mo ti ń pè é ní Agbẹnusọ. Èémí kì í jẹ́ kó sọ gbólóhùn kan parí mọ́. Sìgá ogójì ọdún.

Àṣà tuntun ti dé. Ẹni tí àrùn ẹ̀dọ̀fóró bá ti di bárakú fún, yóò kọ́kọ́ dáhùn ìbéèrè: òdo bí kò bá sí wàhálà, márùn-ún bí kò bá ṣeé fara dà. Ẹni tí máàkì rẹ̀ bá kéré kì í dé ọ̀dọ̀ dókítà. Oògùn àtijọ́ ni yóò gbà lọ sílé. Nọ́ọ̀sì Tèmidire wò ó bó ṣe ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ó ní, "Màmá, ẹ bá wa dáhùn fún bàbá."

Mo dáhùn. Ikọ́? Ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Òkè gígùn? Wọ́n ń gùn ún. Oorun? Wọ́n ń sùn bí ọmọ ọwọ́.

Agbẹnusọ yíjú sí mi. Ó la ẹnu — èémí lásán ló jáde.

Oògùn àtijọ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7
Orí àga ló jókòó sùn. Èmi sùn dáadáa.

Ọjọ́bọ̀, 9
Moyinolúwa, ọmọ wa, pè láti Àkúrẹ́, ó fẹ́ bá bàbá rẹ̀ sọ̀rọ̀. Mo ní ara wọn ti ń yá, wọ́n ń sinmi. Agbẹnusọ na ọwọ́ sí fóònù náà títí mo fi pa á.

Ọjọ́ Àìkú, 12
Moyin ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn nígbà tí oyún kejì ń bà jẹ́ lára mi. Nọ́ọ̀sì bi mí bó ṣe ń dùn mí tó. Ọkọ mi ló dáhùn: kò le tó bẹ́ẹ̀, àwọn obìnrin ilé wa ló fẹ́ràn ariwo. Wọ́n fi mí sílẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì títí ilẹ̀ fi mọ́. Ọkùnrin ni ọmọ náà. Láti ọjọ́ yẹn ni ọkọ mi ti ń jẹ́ Agbẹnusọ.

Ọjọ́rú, 22
Èmi ni mo ń wẹ̀ fún un báyìí. Ó ní, "Ìwọ… ni wọ́n… ń bi."
Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá Moyin. Èmi ni wọ́n ń bi." Mo fi ọṣẹ sí i lẹ́yìn. Inú mi dùn.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 1 oṣù Kẹfà
Ó wúkọ́ títí ó fi tọ̀ sára. Ó sunkún. Ó tó. Lọ́jọ́ Ajé, tí a bá padà sí ọsíbítù, màá sọ òótọ́.

Ọjọ́ Ajé, 3
Nọ́ọ̀sì kò jẹ́ kí n la ẹnu. Ó ní bàbá fúnra wọn ni yóò dáhùn lónìí, kò gba ọ̀rọ̀: kí wọ́n di ẹ̀ṣẹ́ bí kò bá sí wàhálà, kí wọ́n na gbogbo ìka bí kò bá ṣeé fara dà.

Ikọ́? Ẹ̀ṣẹ́. Òkè? Ẹ̀ṣẹ́. Oorun? Ẹ̀ṣẹ́. Kò wo nọ́ọ̀sì rárá. Èmi ló ń wò.

Mo ní irọ́ ni, orí àga ni wọ́n ń sùn, èmi ni mo ń wẹ̀ fún wọn. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, mo fẹ́ fipá ṣí ìka rẹ̀. Kò ṣí. N kò mọ̀ pé agbára yẹn ṣì kù lára rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì ní, "Màmá, ẹ fara balẹ̀. Ohun tí aláìsàn bá sọ fúnra rẹ̀ la máa ń kọ."

Nínú mọ́tò, mo bi í pé kí ló dé. Ó gbé ẹnu sí etí mi. Ó pẹ́ kó tó rí èémí kó jọ.

"Bí mo bá kú… ìwọ ni… wàá ru ẹ̀bi rẹ̀."

Ó gbé orí lé mi léjìká, ó ń rẹ́rìn-ín, títí a fi dé Afo.