Ìjókòó Rẹ ní Den Helder Kò Tú

Siebren, ọkọ mi, bàbá Hiske, ọdún mẹ́rin pé lónìí tí Olúwa pè ọ́. Ọdún mẹ́rin! Afẹ́fẹ́ òkun ìlú wa, Den Helder, kò tíì sinmi. Mo tún ilẹ̀kùn iwájú kùn, àwọ̀ tí o fẹ́ náà ni. Hiske ti di ẹlẹ́rọ ní ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ẹ̀rọ tí ọkọ̀ ogun wa fi ń wá àdó olóró nísàlẹ̀ òkun.

Nígbà ayé rẹ, ìwọ lò ń bá ìjọba ra irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. O mú olùrà àti olùṣe jókòó sí tábìlì kan, o sì fi òfin lélẹ̀: ẹni tó bá mọ àbùkù kan, kó sọ ọ́ kí wọ́n tó bu kọfí. Nígbà tí o lọ, ẹ̀rù bà wá pé ìjókòó náà yóò tú. Ọ̀gbẹ́ni Wassink tó gba ipò rẹ fẹ́ kí agbẹjọ́rò máa bá agbẹjọ́rò sọ̀rọ̀.

Lọ́dún tó kọjá, wọ́n dán ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ Hiske wò, Hiske sì rí àbùkù kan nínú rẹ̀. Ọ̀gá Hiske ní kó pa ẹnu mọ́. Àmọ́ nígbà tí àwọn àti Ọ̀gbẹ́ni Wassink jókòó sí tábìlì, bí kọfí ṣe dé, ọmọ rẹ dìde.

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bù ú. Ẹ̀rọ wa kì í rí àdó tí yanrìn bá ti bò.”

Ọ̀gbẹ́ni Wassink wò ó. “Ọmọ mi, ṣé o mọ̀ pé iṣẹ́ yìí lè bọ́ lọ́wọ́ yín?”

“Mo mọ̀, sà. Àwọn atukọ̀ ni kò mọ̀.”

Ọ̀gá Hiske fárígá. “Ta ló ní ká gba ọmọ yìí síṣẹ́?”

“Ẹ fi í sílẹ̀,” ni Wassink wí, ó ń rẹ́rìn-ín. “Ó jọ ẹni tó bí i.”

Kò gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ wọn. Ó yọ̀ǹda ọkọ̀ ogun kan fún wọn. Olùrà àti olùṣe jọ wà lójú omi ní gbogbo ìgbà òtútù, wọ́n jọ ń bì, wọ́n jọ ń tún ẹ̀rọ ṣe, títí ó fi ríran lábẹ́ yanrìn. Ògo ni fún Ọlọ́run!

Ní oṣù tó kọjá, ọkọ̀ náà jáde lọ ṣa àdó, ó sì padà wọlé. Èmi àti Hiske dúró ní èbúté láàárín àwọn ìyàwó atukọ̀. Gbogbo wọn sọ̀kalẹ̀, ẹnì kan kò dín. À ń wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan títí dórí ẹni ìkẹyìn, bí ẹni pé ìwọ náà wà nínú wọn.

Àárò rẹ ń sọ wá, Siebren. Ìfẹ́ rẹ kò kúrò lọ́kàn wa, títí a ó fi rí ojú rẹ lẹ́sẹ̀ Jésù.

Aaltje, ìyàwó rẹ, àti Hiske